Plato kò sọ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín àwọn amòye Gíríìkì àtijọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rí àwòrán yẹn rí. Tó bá ti di oṣù kejì ọdún báyìí, kò sí ibi tí kì í yọjú sí: "Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ méje fún ìfẹ́." Wọ́n á wá to eros, philia, storge, agape, ludus, pragma àti philautia sísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Ó dùn ún wò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ludus kì í tilẹ̀ ṣe èdè Gíríìkì. Èdè Látìnì ni. Eré ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibo ni àtòjọ yìí ti wá gan-an? Apá kan wá láti ọ̀dọ̀ C. S. Lewis, ẹni tó kọ ìtàn Narnia, tó gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1960 lórí oríṣi ìfẹ́ mẹ́rin. Apá kejì wá láti ọ̀dọ̀ John Alan Lee, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Kánádà, tó gbé ìwé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Àwọn èèyàn wá da méjèèjì pọ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n ní Gíríìkì àtijọ́ ló ni ín.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti sọ fún wa títí pé agape ni ìfẹ́ mímọ́, ìfẹ́ Ọlọ́run, pé kò sí ti ara nínú rẹ̀ rárá. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni Pọ́ọ̀lù lò nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 13. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Júù ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ wọn sí èdè Gíríìkì kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n dé ibi ìtàn Amnoni àti Támárì, Sámúẹ́lì Kejì orí 13. Ohun tó wà lọ́kàn Amnoni sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó fi fipá bá a lò pọ̀, tó sì lé e síta lẹ́yìn náà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é? Agape náà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé àtòjọ yẹn tì. Ohun tó gbádùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ni ìjà tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, eros. Ìjà náà sì kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, torí pé ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ìlú rẹ̀ ló fún un ní májèlé mu.

Kí ni eros? Nínú àwọn ewì Homer, wọ́n lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun tí oúnjẹ àti ọtí máa ń ṣe fún ẹni tébi ń pa. Òùngbẹ ni. Kí nǹkan máa fà ọ́. Ẹni tó ń sọ Yorùbá ò ní tàsé rẹ̀, torí "fẹ́" tiwa náà bẹ́ẹ̀ ló rí: mo fẹ́ omi, mo fẹ́ owó, mo fẹ́ ọmọbìnrin yẹn, ó ti fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ ya "want" sọ́tọ̀, ó ya "love" sọ́tọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, a máa padà bá a láìpẹ́.

Ó dáa. Ìlú Áténì la wà báyìí, ọdún 416 ṣáájú ìbí Krístì. (Gbogbo ọdún tí mo bá dárúkọ nínú ìtàn Áténì, sísàlẹ̀ ni wọ́n ń kà o.) Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan tó ń jẹ́ Agathon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn níbi ìdíje eré orí ìtàgé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbà á nìyẹn. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé. Àmọ́ ọtí àná ṣì wà lójú wọn, orí ń fọ́ wọn, ni dókítà kan láàárín wọn, Eryximachus, bá dábàá pé kí wọ́n má mutí yó lálẹ́ yẹn. Kí wọ́n ní kí ọmọbìnrin afọnfèrè máa lọ, kó lọ fọn ún fún ara rẹ̀ tàbí fún àwọn obìnrin inú ilé. Kí kálukú wá dìde, kó yin Eros. Wọ́n gbà.

Plato ló kọ ìtàn àsè yìí, orúkọ ìwé náà ni Symposium. Kò sí níbẹ̀ o. Ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí gbogbo ẹni tó ń kà á ti mọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jókòó yẹn.

Kí n tó tẹ̀síwájú, nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ fi bò. Ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yìn ni ti àgbà ọkùnrin sí ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù. Àṣà àwọn ọlọ́lá Áténì ni. Lóde òní, ọ̀ràn ọba ni, mi ò sì ní bá wọn wá àwáwí kankan. Àwọn obìnrin wọn wà nínú ilé lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin tó tó bí ọdún 14 ni wọ́n sábà ń fi fún ọkọ tó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, tí àwọn baba wọ̀nyí bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ rántí ẹni tí kò sí nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká sáré kọjá lórí àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òsúkè ló mú Aristophanes, bàbá eré apanilẹ́rìn-ín, nígbà tó kàn án, dókítà ló gba ipò rẹ̀. Nígbà tí òsúkè lọ tán, ó sọ ìtàn tí gbogbo ayé ṣì ń sọ dòní láìmọ̀.

Ó ní láyé àtijọ́, èèyàn rí rogodo. Ọwọ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ojú méjì lórí kan. Àwọn kan jẹ́ ọkùnrin lápá méjèèjì, àwọn kan obìnrin lápá méjèèjì, àwọn kan ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Wọ́n lágbára, wọ́n wá fẹ́ gòkè lọ bá àwọn òrìṣà jà. Ni Zeus bá là wọ́n sí méjì. Ó ní tí wọn ò bá jẹ́ jẹ́ẹ́, òun á tún là wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri. Apollo wá fa awọ ara wọn jọ, ó so ó síwájú ikùn, ibẹ̀ ni ìdodo wa ti wá. Láti ìgbà náà, kálukú ń wá ìdajì rẹ̀ kiri.

Ẹ rí i? "Soulmate" yín nìyẹn. "My other half" tẹ́ ẹ fi ń ṣe caption níbi ìgbéyàwó, aláwàdà ló sọ ọ́ níbi àsè ọtí, òsúkè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni. Apá kan sì wà tí caption kì í gbé: ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ là wọ́n, tí ìdajì bá rí ìdajì, wọ́n á dì mọ́ra, wọn ò ní jẹun, wọn ò ní ṣe nǹkan kan, títí ebi á fi pa wọ́n kú. Àwàdà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà nìkan.

Ó wá kan Socrates. Bọ̀bọ́ yìí ò bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agathon ló kọ́kọ́ yíjú sí, torí Agathon ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àròsọ dídùn kan tán pé Eros ló rẹwà jù, òun ló dára jù. Socrates ní ìbéèrè kékeré kan péré lòún ní. Eros, ṣé fífẹ́ nǹkan ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, ṣé ó ti ní i lọ́wọ́ àbí kò tíì ní i? Kò tíì ní i. Tó bá wá jẹ́ ẹwà ni Eros ń fẹ́, ṣé ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ rẹwà?

Agathon ní ó dà bíi pé òun ò mọ ohun tí òún ń sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí, kò ní wọlé dáadáa. "Love" lè dúró lórí ohun tó o ti ní. Ṣùgbọ́n ẹ fi "fẹ́" sọ ọ́, ó máa mọ́ kedere: ẹnì kan kì í jókòó ti omi tó ti mu yó kó ní òún fẹ́ omi. Tó bá sì ní òún ṣì fẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, Socrates á ní ohun tó ń fẹ́ gan-an ni pé kó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn ni kò tíì ní. Nítorí náà, àìní ló ń bẹ nídìí gbogbo fífẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Socrates ní gbogbo ohun tí òún mọ̀ nípa ìfẹ́, obìnrin ló kọ́ òun: Diotima, ará ìlú Mantinea. Ẹ wo nǹkan o. Wọ́n ti lé obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ síta, síbẹ̀ ẹnu obìnrin ni Plato gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sí.

Diotima ní Eros kì í ṣe òrìṣà, kì í ṣe èèyàn, ẹ̀mí tó wà láàárín méjèèjì ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìbí Aphrodite, Àìní wá ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà, ó bá Ọ̀nà-àbáyọ níbi tó ti mutí yó tó sùn lọ nínú ọgbà Zeus. Ó sùn tì í, ó sì lóyún Eros. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi rí bó ṣe rí. Kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, kò nílé, ẹnu ọ̀nà onílé ló ń sùn sí bíi ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́n, ó lọ́gbọ́n àrékérekè, ó ń dẹ pàkúté fún ohun tó dára bíi ti baba rẹ̀. Ohun tó bá rí gbà máa ń yọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lówó, kò sì tálákà. Mi ò tíì rí àpèjúwe ẹni tí ìfẹ́ ń pa tó péye tó báyìí.

Kí wá ni Eros ń fẹ́ gan-an? Diotima ní kí ohun rere jẹ́ tiwa títí láé ni. Àwa tá à ń kú ò sì lè ní nǹkan títí láé àfi ká bí nǹkan. Àwọn kan ń bímọ. Àwọn kan ń bí ewì, àwọn kan ń bí òfin ìlú.

Ó wá kan àtẹ̀gùn tó sọ Plato di olókìkí. Ara ẹnì kan tó rẹwà ni wàá kọ́kọ́ fẹ́. Lẹ́yìn náà wàá rí i pé ẹwà ara ẹlòmíì jọ ọ́, wàá fẹ́ ẹwà ara gbogbo. Wàá wá rí i pé ẹwà ọkàn ju ti ara lọ. Látibẹ̀ dé ẹwà ìṣe àti òfin, látibẹ̀ dé ẹwà ìmọ̀, títí wàá fi déédéé rí Ẹwà fúnra rẹ̀, èyí tí kì í gbó, tí kì í ṣá, tí kì í rẹwà lówùúrọ̀ kó burẹ́wà lálẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ga, ó sì wuni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹni tó o kọ́kọ́ fẹ́ yẹn, níbo ló wà báyìí? Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Òun lo tẹ̀ gùn. Gregory Vlastos, onímọ̀ kan tó lo ayé rẹ̀ lórí Socrates àti Plato, kọ ọ́ lọ́dún 1973 pé àléébù ńlá inú èrò Plato nìyí: ohun dáadáa tó wà lára èèyàn ló ń fẹ́, kì í ṣe èèyàn náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹwà inú rẹ lásán ni mo fẹ́, tí ẹlòmíì bá wá ní i jù ẹ́ lọ ńkọ́? Ṣé kí n ṣí lọ ni?

Ó jọ pé Plato náà mọ̀, torí kò jẹ́ kí ìwé náà parí síbẹ̀. Bí Socrates ṣe jókòó báyìí, wọ́n gbọ́ gbà-gbà-gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alcibiades ló dé. Ó ti yó kẹ́ri-kẹ́ri, adé òdòdó wà lórí rẹ̀, ọmọbìnrin afọnfèrè mìíràn ló dì í mú wọlé kó má baà ṣubú.

Ẹ ní láti mọ ẹni yìí. Lọ́dún 416 kan náà, ó kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méje lọ sí eré ìje Olympia, ó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹrin. Ó lówó, ó lẹ́wà, ọ̀gágun ni, gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà yin Eros. Ó ní rárá, Socrates lòún máa yìn.

Ó sì tú gbogbo àṣírí sílẹ̀. Ó ní Socrates dà bí àwọn ère Silenus tí wọ́n ń tà lọ́jà: lóde ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n tó o bá ṣí i, ère wúrà àwọn òrìṣà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òún wà léwe, òún rò pé ẹwà òun lòún máa fi ra ọgbọ́n rẹ̀. Socrates kọ̀, ó ní ẹni tó fẹ́ fi idẹ gba wúrà ni. Ó sọ bí Socrates ṣe gba ẹ̀mí òun là lójú ogun ní Potidaea, tó sì ní òun kọ́ ni kí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ, kí wọ́n fún Alcibiades. Ó ní òun nìkan lẹni tí ojú rẹ̀ máa ń ti òun lójú láyé yìí. Nígbà tí òún bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òún máa ń mọ̀ pé ayé òun ò dára. Bí òún bá ti kúrò níbẹ̀, àtẹ́wọ́ àwọn èrò á tún gbé òun lọ. Nítorí náà òún máa ń di etí, òún á sá.

Kò sí àtẹ̀gùn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn kan tó ní orúkọ ló ń fẹ́ èèyàn kan tó ní orúkọ. Martha Nussbaum sọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1986 pé ìmọ̀ kan wà nínú irú ìfẹ́ báyìí tí ọ̀rọ̀ Diotima ò lè fún wa, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ka ìwé yìí ní Áténì mọ̀ nìyí: lọ́dún 415, ọdún kejì àsè yẹn, Alcibiades ló sún ìlú láti lọ gbógun ti Sicily. Kí wọ́n tó wọkọ̀, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé àwọn kan ti ba ojú àwọn ère Hermes jẹ́ káàkiri ìlú. Wọ́n tún fẹ̀sùn kan Alcibiades pé ó ń fi awo Eleusis ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé. Orúkọ Phaedrus, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi àsè wa, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Alcibiades sá lọ bá àwọn ará Sparta, ọ̀tá Áténì, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣẹ́gun ìlú òun fúnra rẹ̀. Lọ́dún 413, ogun Sicily parun. Ó ju 7,000 ẹlẹ́wọ̀n lọ tí wọ́n kó sínú kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Syracuse. Áténì túúbá lọ́dún 404, wọ́n sì pa Alcibiades ní Phrygia lọ́dún náà.

Lọ́dún 399, wọ́n mú Socrates lọ sílé ẹjọ́, ẹni 70 ọdún. Ẹ̀sùn náà? Kò bọlá fún àwọn òrìṣà ìlú, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Orúkọ tó máa wá sọ́kàn gbogbo èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ "àwọn ọ̀dọ́" ni Alcibiades. Aristophanes, aláwàdà òsúkè yẹn náà, ti fi Socrates ṣẹ̀sín lórí ìtàgé láti ọdún 423. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó mu májèlé.

Nítorí náà, nígbà tí Plato gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀mùtí Alcibiades lẹ́nu, ẹjọ́ olùkọ́ rẹ̀ ló ń rò. Ó ń sọ fún Áténì pé: ọkùnrin yìí ò ba ọmọ yẹn jẹ́. Ọmọ náà rí ohun tó dára, ó mọ̀ pé ó dára, ó fẹ́ ẹ dé ibi tó fi ń sunkún, ó sì padà lọ bá ariwo ọjà. Ẹ̀rù ń bà mí níbi yìí ju gbogbo ibi yòókù lọ, torí pé Plato fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé fífẹ́ ohun rere nìkan ò tó.

Aristotle, tó lo ogún ọdún nílé ẹ̀kọ́ Plato, ò fi bẹ́ẹ̀ jókòó ti eros. Philia ló gbájú mọ́, ìyẹn ọ̀rẹ́ ṣíṣe, dé ibi pé méjì nínú ìwé mẹ́wàá tó wà nínú Nicomachean Ethics ló fún un. Ó ní àwọn kan ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ torí èrè, àwọn kan torí ìgbádùn. Tí èrè bá tán, ọ̀rẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ gidi ń fẹ́ ire fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìdáhùn kan nìyẹn sí ìbéèrè tí àtẹ̀gùn yẹn fi sílẹ̀. Ó ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í yá, ẹ ní láti jọ jẹ iyọ̀ pọ̀ ná. Ẹ̀yin tí olólùfẹ́ yín wà ní ìlú òkèèrè, ó rántí yín náà: ó ní ọ̀nà jíjìn kì í pa ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù, ìgbàgbé á wọ̀ ọ́. Bàbá yìí kan náà ló ní ẹrú jẹ́ irinṣẹ́ tó ní ẹ̀mí o, pé èèyàn ò lè bá a ṣọ̀rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ó wá fi kún un pé gẹ́gẹ́ bí èèyàn, ó ṣeé ṣe. Gbólóhùn kejì yẹn ti wó èkíní, kò kàn jẹ́ kí ó wó pátápátá ni.

Báwo wá ni "platonic" ṣe di "ọ̀rẹ́ lásán ni wá, kò sí nǹkan kan"? Marsilio Ficino ni ká bi, àlùfáà kan ní Florence tí ìdílé Medici ń tọ́jú. Ó kọ ìwé àlàyé lórí Symposium lọ́dún 1469, ìtumọ̀ gbogbo iṣẹ́ Plato tó ṣe sí èdè Látìnì sì jáde lọ́dún 1484. Kó lè bá ìgbàgbọ́ Kristẹni mu, ó sọ ìfẹ́ náà di ti ọkàn tó ń gbéni lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, láàfin ọba Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1630 sí 1639, lábẹ́ Ọbabìnrin Henrietta Maria, ó di àṣà ìgbà. Wọ́n tẹ eré kan jáde lọ́dún 1636 tó ń jẹ́ The Platonick Lovers. Láti ìgbà náà ni ara ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Diotima ní tiẹ̀, ara ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara ẹnikẹ́ni ò wù rí, àtẹ̀gùn yẹn ò ní ìsàlẹ̀ fún un.

Ìwé náà ò gùn, ẹ lè kà á tán láàárín alẹ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tó padà síwájú. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí: Aristophanes lẹ gbà gbọ́ ni, àbí Diotima? Èmi, Alcibiades ni mò ń bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi láéláé.